Wọ́n ní kí n bá wọn gun òkè Tirumala: kí ni kí n mọ̀ kí n tó lọ?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Chennai

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Chennai ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lápá gúúsù Íńdíà. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Telugu ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣàìsàn tó le gan-an lọ́dún tó kọjá. Ìyá ọmọ náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ nígbà náà pé bí ara ọmọ bá yá, tìyá tọmọ làwọn máa fá orí kodoro fún Venkateswara, òrìṣà Híńdù tó ni tẹ́ńpìlì lórí òkè Tirumala. Ara ọmọ ti yá, ó ti padà sí iléèwé. Wọ́n fẹ́ lọ san ẹ̀jẹ́ náà báyìí, ọ̀rẹ́ mi sì ní dandan ni kí n bá wọn lọ, nítorí èmi ni mo máa ń bá òun jókòó ní ọsibítù lálẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná.

Mo fẹ́ lọ. Àmọ́ ọmọ ìjọ ni mí. Mi ò fẹ́ ṣe ohun tó máa dójú tì wọ́n níwájú ẹbí wọn, mi ò sì fẹ́ ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn mi kò gbà. Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Híńdù wọlé? Ṣé kí n fẹsẹ̀ gùn ún ni, àbí kí n wọ bọ́ọ̀sì? Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n_Hyderabad

Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Hyderabad, ọmọ ibẹ̀ ni ìyàwó mi, ilé àwọn àna mi kì í jẹ́ kí ọdún kan yí kí wọ́n má gun òkè yẹn.

Tirupati ni ìlú tó wà nísàlẹ̀, Tirumala ni ti orí òkè, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh. Láti Chennai kò ju nǹkan bí 140 kìlómítà lọ. Òkè méje ló so kọ́ra. Wọ́n ní orí méje ejò Adisesha ni, ejò tí Vishnu, òrìṣà ńlá àwọn Híńdù, máa ń sùn lé. Orí òkè keje, Venkatadri, ni tẹ́ńpìlì wà, nǹkan bí 850 mítà sókè ìtẹ́jú òkun.

Ìtàn kan wà tí ọmọdé ibẹ̀ kankan kì í ṣàìmọ̀, kí ìwọ náà mọ̀ ọ́n kó o tó lọ, òun ló máa jẹ́ kí ohun tó o bá rí yé ọ. Vishnu sọ̀kalẹ̀ wá sáyé, orúkọ tó jẹ́ ni Srinivasa, òun náà ni Venkateswara, ó sì fẹ́ fẹ́ Padmavati, ọmọ ọba. Kò lówó ìgbéyàwó lọ́wọ́, ló bá lọ yá a lọ́wọ́ Kubera, ẹni tí ọrọ̀ ayé wà níkàáwọ́ rẹ̀. Gbèsè yẹn ló ń san títí dòní, kò sì ní í san án tán àfi tí ìgbà tá a wà yìí, tí wọ́n ń pè ní Kali Yuga, bá parí. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ gbà pé òun ń bá a dá sí gbèsè náà ni. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ju owó àti wúrà sínú hundi, ohun èlò ńlá tí wọ́n fi aṣọ bò nínú tẹ́ńpìlì. Ẹ̀jẹ́ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tó bá wà lára ẹni lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa bọ́ sínú rẹ̀. Mo rí i tí ìyá ìyàwó mi bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀gbà tó ti wọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó jù ú síbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

Tẹ́ńpìlì Padmavati wà nísàlẹ̀ ní Tiruchanur. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yà kí i.

Ẹ̀gbọ́n_Hyderabad

Mo gbàgbé ti ọ̀nà. Fẹsẹ̀ gùn ún, bí ara rẹ bá le. Mi ò lè tẹnu mọ́ ọn jù.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ méjì ló wà. Ti Alipiri lèrò ń gbà jù, àtẹ̀gùn 3,550, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 9. Ti Srivari Mettu kúrú jù ú lọ, nǹkan bí àtẹ̀gùn 2,388, àmọ́ ó dúró ṣánṣán. Gba ti Alipiri. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Padala Mandapam wà, ibi tí wọ́n kó bàtà onírin sí, bàtà Venkateswara fúnra rẹ̀. Wàá rí àgbàlagbà tó gbé e rù, tó ń fi yí ibẹ̀ po kó tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kìíní.

Láti ibẹ̀ dé Gali Gopuram, ilé ìṣọ́ gogoro tó o máa ti máa wò láti ìgboro, nǹkan bí àtẹ̀gùn 2,000 ni, ibẹ̀ ló sì máa ń já èèyàn láyà. Tó o bá ti kọjá ibẹ̀, ọ̀nà á tẹ́jú fúngbà díẹ̀, wàá gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà àgbọ̀nrín. Ibi tó tún máa le ni Mokala Mettu nítòsí òkè, ibi tí àwọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ máa ń fi orúnkún gùn. Òrùlé bo ọ̀nà náà níbi tó pọ̀ jù, omi wà, ilé ìgbẹ́ wà.

Ohun tí màá fẹ́ kó o fara balẹ̀ wò ni àwọn obìnrin tó ń fi àtalẹ̀ pupa kun àtẹ̀gùn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ìka mú àtalẹ̀, wọ́n á fà á sí etí òkúta, wọ́n á kan àmì ẹfun pupa lé e, wọ́n á dìde, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni dé òkè. Ìgbà tí èèyàn bá fi máa dé Gali Gopuram, àtàǹpàkò wọn ti pọ́n yòò. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lára wọn á ké "Govinda!", orúkọ òrìṣà náà, àwọn náà á sì dáhùn "Govinda!" láìgbójú sókè.

Bàtà àti ẹrù rẹ, fi wọ́n sílẹ̀ ní Alipiri. Wọ́n máa fi ọkọ̀ gbé e gòkè lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé tí wọ́n bá fún ọ lo máa fi gbà á.

Ìyá_Onírun_Balógun

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i, torí iṣẹ́ mi ni. Irun Íńdíà ni mò ń tà ní Balógun, òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Oníbàárà kì í béèrè ibi tó ti wá. Ínṣì rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, àti bóyá ó máa ń ta kókó. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kó o wọ̀lú pé irun inú tẹ́ńpìlì ni. Ṣé irun ẹ̀jẹ́ yẹn ló ń dé ọ̀dọ̀ wa? Ṣé àwọn tó fá a mọ̀ pé wọ́n ń tà á? Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n_Hyderabad

Ẹ kú ọjà, Màmá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ilé ńlá kan wà lórí òkè tó ń jẹ́ Kalyana Katta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fá orí, tọ̀sán-tòru. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á fún ẹni tó wá ní nọ́ńbà àti abẹ fẹ́lẹ́ tuntun, á lọ jókòó níwájú onígbàjámọ̀, àwọn onígbàjámọ̀ obìnrin sì wà tó ń fárí fún àwọn obìnrin. Obìnrin tí kò bá fẹ́ fá gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n gé ìdì mẹ́ta péré.

Irun náà, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso tẹ́ńpìlì, TTD ni wọ́n ń pè é, máa ń ṣà á ní gígùn gígùn, á wá gbé e ta fún ẹni tó bá fowó gọbọi lé e. Irun obìnrin tó gùn, tí kò tíì mọ kẹ́míkà, ló níye lórí jù. Àwọn tó rà á ló ń kó o lọ sílé iṣẹ́ onírun àti ilẹ̀ òkèèrè. Owó rẹ̀ ń padà sápò tẹ́ńpìlì. Wọn kì í fi pa mọ́, ìwé ìròyìn ń gbé e, àwọn tó ń fárí náà mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo irun Íńdíà ló ti Tirumala wá o. Tẹ́ńpìlì mìíràn wà, irun tí wọ́n ṣà jọ látinú òòyà káàkiri ilé sì pọ̀ lọ́jà.

Ìdí tí wọ́n fi ń fún un nírun: wọ́n ní darandaran kan ṣèèṣì ṣá Srinivasa lórí, irun ojú ọgbẹ́ náà kò hù mọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Neela Devi rí i, ó gé nínú irun tirẹ̀, ó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Srinivasa ti ṣèlérí pé irun tí àwọn tó bá fẹ́ràn òun bá fi sílẹ̀, ti Neela Devi ni.

Adérónkẹ́_Àkọ̀wé

Mo fi kún ọ̀rọ̀ Màmá onírun. Lọ́dún 2004, aṣáájú ẹ̀sìn Júù kan ní Ísírẹ́lì sọ pé kí àwọn obìnrin má dé wíìgì tí wọ́n fi irun Íńdíà ṣe mọ́, torí pé ìbọ̀rìṣà ti wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin Júù dáná sun wíìgì wọn ní Ísírẹ́lì àti ní Brooklyn. Wíìgì olówó iyebíye ni o. Nílé wa náà, a kì í ṣàdédé fá irun Dàda, ìnáwó wà nídìí rẹ̀, irun náà kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń dà nù ságbàlá. Ìyẹn ló fi yé mi pé ohun tí ìyá yẹn fẹ́ lọ fi sílẹ̀ lórí òkè kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìyá_Onírun_Balógun

Ẹ ṣeun. Mi ò ní dáná sun tèmi, ọjà mi ni. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ iwájú, màá sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyá ọmọ kan ló fi í dúpẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó máa gbé e sórí mọ̀.

Ajíhìnrere_Ifẹ̀

Arákùnrin mi ní Chennai, mo fẹ́ràn rẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Má lọ. Bá wọn yọ̀ nílé, ra ẹ̀bùn fún ọmọ náà, gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n orí òkè òrìṣà kì í ṣe ibi tí ọmọ Ọlọ́run ń lọ ṣe àlejò. Tó o bá débẹ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ fún ọ, wọ́n á kùn ọ́ níwájú orí, kí lo máa sọ?

Ẹ̀gbọ́n_Hyderabad

Ajíhìnrere, mo gbọ́ yín, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́. Ohun kan wà tó yẹ kí àbúrò wa mọ̀, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo máa kọ síbí.

Ẹni tí kì í ṣe Híńdù lè wọ tẹ́ńpìlì Tirumala, àmọ́ wọ́n máa ní kó buwọ́ lu ìwé kan pé òun gba Venkateswara gbọ́. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń buwọ́ lù ú fùú, wọ́n á ní ìwé lásán ni, kí àwọn ṣáà wọlé. Àbúrò, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbúra ni. Àwọn tó gbé ìwé yẹn kalẹ̀ kò béèrè ẹ̀yà rẹ, wọn ò béèrè iye tó wà lápò rẹ. Ìgbàgbọ́ rẹ nìkan ni wọ́n béèrè, ìdáhùn òótọ́ sì tọ́ sí wọn. Èmi buwọ́ lù ú nítorí mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn nígbà tí mo ṣe é, àwọn ará ilé mi ní Ọ̀yọ́ kò sì dùn sí i títí dòní. Tí ìwọ kò bá gbà á, má buwọ́ lù ú. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ. Òkè tó o fẹ́ gùn, ibi ìfárí, adágún Pushkarini, oúnjẹ, ìgboro tó yí tẹ́ńpìlì ká, kò sí èyí tó nílò ìwé yẹn.

Ohun mìíràn: òfin ìjọba Andhra Pradesh láti 2007 kò gbà kí ẹnikẹ́ni wàásù ẹ̀sìn mìíràn lórí òkè náà. Má gbé ìwé ìhìnrere pín. Ẹran, ọtí àti sìgá kò gbọdọ̀ gòkè pẹ̀lú, wọ́n máa yẹ ọkọ̀ wò ní Alipiri. Bẹ́ẹ̀ ni ike omi.

Ajíhìnrere_Ifẹ̀

Ti ìwé yẹn, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ̀rí èké ni téèyàn bá buwọ́ lu ohun tí kò gbà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ ní gbangba. Èrò mi nípa lílọ kò tíì yí padà, àmọ́ mi ò ní í dá a lẹ́bi.

Adérónkẹ́_Àkọ̀wé

Nǹkan kan tí ìtàn sọ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Iléeṣẹ́ East India Company, àwọn Gẹ̀ẹ́sì onígbàgbọ́, ló ń ṣàkóso owó tẹ́ńpìlì yẹn láti 1801. Ariwo wá pọ̀ nílé lọ́dọ̀ wọn pé kí ni Kristẹni ń wá nídìí owó òrìṣà, ni wọ́n bá fà á lé àwọn Mahant, ìyẹn àwọn olórí ilé ìjọsìn Hathiramji, lọ́wọ́ lọ́dún 1843. Àwọn yẹn ló wà níbẹ̀ títí di 1933 tí TTD fi gbà á. Ṣáájú gbogbo wọn ni Krishnadevaraya, ọba Vijayanagara, ti ń kó wúrà wá síbẹ̀ láti 1513. Ère òun àti ayaba rẹ̀ méjì ṣì dúró nínú tẹ́ńpìlì, wọ́n pàtẹ́wọ́ mọ́ra.

Bàbá_Ìbejì_Peckham

Ẹ kú ìjíròrò. Orúnkún mi kò gba àtẹ̀gùn mọ́, iṣẹ́ sì máa gbé mi lọ sí Bengaluru láìpẹ́. Ṣé ọ̀nà ọkọ̀ dára? Ṣé kò séwu? Mo gbọ́ pé ẹkùn pa ọmọ kan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Hyderabad

Bàbá, ẹ kú àgbà. Ọ̀nà ọkọ̀ méjì ló wà, wọ́n ṣí àkọ́kọ́ ní 1944, èkejì ní 1974, èyí tí wọ́n ṣí ní 1974 ni wọ́n fi ń gòkè, ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀, kí ọkọ̀ má baà pàdé ní kọ́nà. Bọ́ọ̀sì ìjọba ń lọ léraléra. Àwọn arúgbó tó ti lé ní ọdún 65 ní ìlà tiwọn.

Ti ẹkùn, òótọ́ ni, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ọ̀nà Alipiri, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà. Igbó gidi ni ọ̀nà yẹn gbà kọjá. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń ká àwọn ọmọdé lọ́wọ́ kò ní àwọn wákàtí kan, wọ́n sì pín ọ̀pá fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ má fi ọmọdé síwájú, ẹ má jẹ́ kó dá rìn lẹ́yìn.

Èrò ni ewu tó jù ú lọ. Ní 8 oṣù kìíní ọdún 2025, èèyàn mẹ́fà kú nínú ìtìpàtìpà ní Tirupati nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pín tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ àjọ̀dún kan. Tí èrò bá ti ń ti ara wọn, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ náà lọ. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ òrìṣà yẹn máa ń lé ní 60,000 lójúmọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Chennai

Ẹ̀yin ará, a ti lọ, a ti dé. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Mo fẹsẹ̀ gùn ún. Ọ̀rẹ́ mi náà gùn ún, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọ bọ́ọ̀sì nítorí pé dókítà kò fẹ́ kí ọmọ náà ṣe wàhálà. Lórí òkè a kọ́kọ́ lọ sí Kalyana Katta. Ìyá ló kọ́kọ́ jókòó. Onígbàjámọ̀ náà bu omi sí i lórí, ó fi ọwọ́ pa á wọlé títí ó fi rin, ó pín in sí méjì, ó di ìdajì kọ̀ọ̀kan ní kókó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí. Irun náà gùn dé ìbàdí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Kò sunkún, mo rò pé ó máa sunkún. Ọmọ ló sunkún nígbà tó kan tirẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ níwájú. Ìyá rẹ̀ wá tẹrí ba fún un kó fọwọ́ kan orí òun. Ló bá dákẹ́, ó ń pa orí ìyá rẹ̀ kiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lọ wẹ̀, wọ́n fi igi sandal lílọ̀ kun orí wọn méjèèjì, orí náà wá di ofeefee.

Wọ́n kọ́kọ́ kí òrìṣà mìíràn tó ń jẹ́ Varahaswamy létí adágún, bí àṣà wọn ṣe rí, kí wọ́n tó lọ tò fún Venkateswara. Èmi ò buwọ́ lu ìwé kankan. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi kí a tó kúrò ní Chennai, ó ní òun bọ̀wọ̀ fún un. Wọn kì í gbé fóònù wọlé, èmi ni mo di fóònù gbogbo wọn mú. Wọ́n pẹ́ lórí ìlà gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ní nígbà tí wọ́n débẹ̀ tán, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n fi rí i, òkúta dúdú gíga, àmì funfun ńlá níwájú orí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú, fìtílà òróró nìkan ló tàn sí i, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń ké pé kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n máa lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní ó tó òun.

Èmi wà ní ìgboro tó yí tẹ́ńpìlì ká, láìwọ bàtà, torí wọn kì í wọ bàtà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n gbé Malayappa, ère tí wọ́n máa ń gbé jáde, wá sí gbangba pẹ̀lú àwọn ayaba rẹ̀ méjì, wọ́n gbé wọn sórí jangirọ́fà láàárín ẹgbẹ̀rún fìtílà, àwọn olórin ń kọrin. Mo dúró tì wọ́n, mo rí gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ ṣáájú pé wọ́n máa ń gbé e jáde bẹ́ẹ̀ sáàárín gbogbo èèyàn, tó buwọ́ lùwé, tí kò buwọ́ lùwé.

Ajíhìnrere, mo jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ wọn, ní gbọ̀ngàn tí wọ́n fi sọrí Vengamamba. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà lórí ewé, gbogbo wa jókòó ní ìlà kan náà, olówó àti ẹni tó sùn sílẹ̀ mọ́jú. Ẹ̀rí ọkàn mi gbà á. Kò sẹ́ni tó kùn mí níwájú orí.

Ajíhìnrere_Ifẹ̀

Ọlọ́run fún ọmọ náà ní ẹ̀mí gígùn. Inú mi dùn pé o sọ òtítọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ìyá_Onírun_Balógun

Laddu tí wọ́n máa ń sọ yẹn ńkọ́? Ẹnì kan mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí, mi ò bá a.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Chennai

Wọ́n fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe jáde, wọ́n tún ra kún un. Róbótó ni, ó kún ọwọ́, ó wúwo: ìyẹ̀fun ẹ̀wà, ṣúgà, kajú, èso àjàrà gbígbẹ, bọ́tà tí wọ́n yọ́ látinú wàrà màlúù. Láti 2009 ni òfin ti dáàbò bo orúkọ rẹ̀, ibòmíràn kò gbọdọ̀ pe tirẹ̀ ní laddu Tirupati. Ọ̀rẹ́ mi fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wá kí wọn ní ọsibítù, títí kan nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọmọ náà lóru.

Bàbá_Ìbejì_Peckham

Ìgbà wo ló wá dáa jù kí n lọ? Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọdún kan tó ń jẹ́ Brahmotsavam.

Ẹ̀gbọ́n_Hyderabad

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Brahmotsavam, ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Alẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n máa ń gbé òrìṣà gun Garuda, ẹyẹ tí Vishnu máa ń gùn, yí ìgboro ká, alẹ́ yẹn lèrò máa ń pọ̀ jù, mi ò sì ní gba ẹni tí orúnkún ń dùn níyànjú kó lọ. Ẹ yẹra fún Sátidé, ọjọ́ Venkateswara ni. Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, òjò máa ń pọ̀, òkúta máa ń já sọ́nà ọkọ̀ nígbà míì. Oṣù kejì dára, àárín ọ̀sẹ̀. Ẹ gba àyè ibùsùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ẹ mú aṣọ funfun tí ẹ máa ró mọ́dìí dání, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi níbí tí ẹ bá ti dé Bengaluru, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń wa ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí Tirupati.